Àwọn Tó Fi Àìmọ̀ Sínú Ìṣirò

Ní ọdún 1937, nítòsí Guantánamo ní Cuba, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Semmes ń dán ẹ̀rọ sónà wò. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kò ju pé kó fi ohùn ránṣẹ́ sínú omi, kó sì dúró de gbohùngbohùn tó bá ta padà lára ọkọ̀ abẹ́ omi. Láàárọ̀, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Tó bá ti di ọ̀sán, ọkọ̀ abẹ́ omi tí wọ́n ń gbọ́ ketekete láàárọ̀ á di àwátì. Wọ́n yẹ wáyà wò, wọ́n yẹ iná wò, wọn ò rí ohun tó bàjẹ́. Ìtàn tí àwọn àgbà iṣẹ́ wa fi máa ń pa wá lẹ́rìn-ín ni pé àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù: wọ́n ní oúnjẹ ọ̀sán ló ń kùn wọ́n lóorun.

Àwọn onímọ̀ òkun láti Woods Hole ló tú àṣírí náà. Columbus Iselin àti ọkọ̀ ìwádìí wọn, Atlantis, bá Semmes ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n sì ń wọn ìgbóná omi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tí wọ́n rí kéré débi pé ẹni tó bá ń wẹ̀ níbẹ̀ lè má fura sí i: oòrùn ọ̀sán ti mú kí omi òkè, tí kò nípọn ju mítà mẹ́wàá lọ, fi dígírì kan sí méjì gbóná ju ti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohùn a máa yára nínú omi gbígbóná, a sì máa fà sẹ́yìn nínú omi tútù. Nítorí náà, apá òkè ohùn ń sáré ju apá ìsàlẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ sì ń tẹ̀ sísàlẹ̀ bó ti ń lọ. Ó wá ku agbègbè kan níwájú ọkọ̀ tí ohùn kì í dé rárá. Ọkọ̀ abẹ́ omi tó bá wà ní agbègbè yẹn, bí ẹni pé kò sí láyé ni.

Sọ̀fíyọ̀ orí omi ni mí. Èkó ni mo ti jẹun nídìí iṣẹ́ yìí, láti ẹnu ọ̀nà èbúté Àpápá lọ sí apá Lẹ́kkí, ohun tí mo sì ń ṣe ni pé kí n fi ohùn wọn jíjìn omi kí ọkọ̀ ńlá má baà forí sọ iyanrìn. Ìtàn ohùn abẹ́ omi jẹ́ ìtàn ìdílé lójú mi. Àwọn tó ń kọ ọ́ sábà máa ń kọ ọ́ bí ìtàn ẹ̀rọ: ẹ̀rọ tó ń pariwo sí i, etí tó ń mú sí i, kọ̀ǹpútà tó ń yára sí i. Lójú tèmi, ohun tó ṣòro jù fún gbogbo wọn, tó sì gbà wọ́n lọ́dún jù, ni kí wọ́n gbà, nínú ìṣirò fúnra rẹ̀, pé àwọn ò mọ omi tí àwọn ń bá lò.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára púpọ̀. Ní 1826, lórí adágún Geneva, Jean-Daniel Colladon àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Charles Sturm fẹ́ mọ bí ohùn ṣe ń yára tó nínú omi. Wọ́n so agogo rọ̀ sínú omi lára ọkọ̀ kan, wọ́n sì ṣe é kí ẹ̀tù gbiná lórí ọkọ̀ náà ní àkókò gan-an tí òòlù bá lu agogo. Colladon jókòó sínú ọkọ̀ kejì ní òdìkejì adágún, ó lé ní kìlómítà 13 sí ti àkọ́kọ́. Ó ki ọ̀pá gígùn oníhò bọ omi, ó gbé etí lé e. Bó bá rí i tí iná ẹ̀tù bù yẹ̀rì, á tẹ aago, á sì dúró títí ohùn agogo yóò fi dé etí rẹ̀. Èsì rẹ̀ ni mítà 1435 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nínú omi tí ìgbóná rẹ̀ jẹ́ dígírì 8. Nínú afẹ́fẹ́, ohùn kò ju nǹkan bíi mítà 340 lọ. Títí dòní, nọ́ńbà Colladon kò jìnnà sí ti ìwé. Ẹ sì kíyè sí i pé ó kọ ìgbóná omi tì í. Àwọn tó tẹ̀lé e mú nọ́ńbà, wọ́n fi ìgbóná sílẹ̀.

Ọkọ̀ Titanic rì ní oṣù kẹrin ọdún 1912, ikú àwọn tó bá a lọ sì mú kí gbogbo ayé máa wá ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò fi mọ̀ pé òkè yìnyín ń bẹ níwájú lóru. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1914, Reginald Fessenden, ọmọ Kánádà tó ń bá ilé iṣẹ́ Submarine Signal ní Boston ṣiṣẹ́, gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ Miami lọ sí Grand Banks. Gbohùngbohùn òkè yìnyín dé bá a láti nǹkan bíi máìlì méjì, ti ìsàlẹ̀ òkun náà sì dé. Ọdún yẹn kan náà ni ogun àgbáyé àkọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ri ọkọ̀ ọ̀tá. Ní ilẹ̀ Faransé, Paul Langevin àti Constantin Chilowsky gbájú mọ́ ohùn tó ga ju èyí tí etí ènìyàn lè gbọ́. Langevin ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Pierre Curie; Curie yìí àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Jacques ló ṣàwárí ní 1880 pé bí a bá tẹ kírísítálì irú ti quartz, iná mànàmáná ń jáde lára rẹ̀. Langevin yí i padà: ó fi iná sí quartz kó lè gbọ̀n, kó lè fi ohùn sọ̀kò sínú omi. Kí ogun tó parí ní 1918, ó ti gba gbohùngbohùn ọkọ̀ abẹ́ omi. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ń ṣe tiwọn, wọ́n pè é ní ASDIC.

Gbogbo akíkanjú wọ̀nyí ṣiṣẹ́ bí ẹni pé omi kan náà ni omi láti òkè dé ilẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́. Mi ò bá wọn wí. Ẹni tó bá ti lo ẹ̀rọ wa mọ bí ìgbàgbọ́ yẹn ṣe dùn tó. Ẹ̀rọ tí à ń fi wọn jíjìn omi kì í wọn jíjìn. Àkókò ló ń wọ̀n. Ó ń ka ìgbà tí ohùn fi lọ tó sì fi bọ̀, àwa la ó fi ìyára ohùn sọ ọ́ di mítà, tí a ó sì pín in sí méjì. Ẹni tó bá yan ìyára ló yan jíjìn.

Ní Èkó, àṣàyàn yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Nígbà òjò, odò Ògùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a ya wọ ọ̀sà, omi tí kò níyọ̀ a wá léfòó sórí omi òkun ní ẹnu ọ̀nà èbúté. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ a padà. Nínú omi aláìníyọ̀ tí ìgbóná rẹ̀ jẹ́ dígírì 28, ohùn ń rìn ní nǹkan bíi mítà 1505 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú omi òkun tó gbóná bákan náà, ó ń tó 1540. Bí ẹ bá fi nọ́ńbà òkun ka omi aláìníyọ̀ tó jìn ní mítà 15, àṣìṣe yín á lé ní sẹ̀ǹtímítà 30. Ìlànà S-44 tí àjọ àgbáyé àwọn sọ̀fíyọ̀ òkun ń lò, ní ìpele tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ibi tí ìdí ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, kò gbà ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 27 lọ ní jíjìn yẹn, fún gbogbo àṣìṣe pọ̀. Iyọ̀ nìkan ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ká tó wá sọ ti ìgbì òkun àti ti ọkọ̀ tó ń mì.

Ìdí nìyí tí a fi ń so irin pẹlẹbẹ mọ́ ṣéènì tí a ti sàmì sí, tí a ń sọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ ní mítà 2, ní 5, ní 10, tí a ń wò ó bóyá ohun tí ẹ̀rọ kà bá ohun tí ṣéènì sọ mu. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ a máa kùn pé kí la tún ń ṣe èyí sí, ṣebí a ṣe é lánàá. Èsì mi kò yí padà rí: òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Omi àná kọ́ ni tòní.

Lẹ́yìn Guantánamo, àwọn ológun náà gba ẹ̀kọ́ yìí. Athelstan Spilhaus, ọmọ South Africa tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ṣe ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní bathythermograph. Wọ́n lè jù ú sómi láìdá ọkọ̀ dúró. Bó bá ti ń rì, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ á máa fa ìlà ìgbóná àti jíjìn sára gíláàsì kékeré tí wọ́n ti fi èéfín kùn dúdú. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ọkọ̀ tó ń ṣọdẹ gbé e, ọkọ̀ abẹ́ omi náà gbé e: ọ̀kan fi ń mọ ibi tí ohùn rẹ̀ kò ní dé, èkejì fi ń wá ibẹ̀ lọ sá pamọ́ sí.

Omi ìsàlẹ̀ sì ní ìyanu tirẹ̀. Bí a bá ń lọ sísàlẹ̀ nínú agbami, omi ń tutù, ìyára ohùn ń dínkù. Tó bá yá, òtútù náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan, ṣùgbọ́n ìwúwo omi tó wà lókè ń tẹ tìsàlẹ̀ sí i, ìyára á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà, nǹkan bíi mítà 1.7 fún ọgọ́rùn-ún mítà kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀pọ̀ òkun, ibi tí ohùn ti ń fà jù jìn tó nǹkan bíi kìlómítà kan. Ohùn tó bá bọ́ síbẹ̀ kì í tètè jáde: bó bá fẹ́ gòkè, omi á tẹ̀ ẹ́ padà, bó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, omi á tẹ̀ ẹ́ padà. Maurice Ewing àti J. Lamar Worzel dán an wò ní agbègbè Bahamas ní 1944, wọ́n sì gbọ́ ìbúgbàù kékeré láti 900 máìlì. Leonid Brekhovskikh ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà rí ohun kan náà lọ́tọ̀, nínú òkun Japan, ní 1946.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 1960, wọ́n ju bọ́ǹbù mẹ́ta sínú òkun nítòsí Perth ní Australia. Ohùn wọn gba gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà kọjá, ó wọ Àtìláńtíìkì, ó sì dé Bermuda lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú tó lé ní ogójì. Ìrìn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20,000 kìlómítà. Ohùn kọ̀ọ̀kan sì dé lẹ́ẹ̀mejì, ìkejì tẹ̀lé ìkínní lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú. Títí di 1991 ni àwọn onímọ̀ ṣì ń kọ̀wé láti ṣàlàyé ọ̀nà tí ìlọ́po méjì yìí gbà dé.

Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1960 yẹn, ẹni tó bá pariwo nínú òkun ti fi ara rẹ̀ hàn fún ọ̀tá. Gbígbọ́ ló kù: kí a to etí púpọ̀ sórí okùn kan nínú omi, kí a sì fi ìyàtọ̀ àkókò tí ohùn fi dé etí kọ̀ọ̀kan mọ ibi tó ti wá. Ìṣirò àtijọ́ gbà pé ohùn ń bọ̀ tààrà láti ọ̀nà kan. Irọ́ ni, a ti rí i. Ohùn kan náà ń gba ojú omi bọ̀, ó ń gba ilẹ̀ òkun bọ̀, ó ń gba àárín bọ̀, gbogbo wọn ń dà pọ̀ mọ́ra. Ariwo lásán ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Clarence Clay ní 1966, Melvin Hinich ní 1973, àti Homer Bucker ní 1976 ló yí ọ̀rọ̀ náà padà: ìdàrúdàpọ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀rí. Àpòpọ̀ tí ohùn máa ṣe bó bá wá láti kìlómítà 5 ní jíjìn mítà 50 yàtọ̀ sí èyí tó máa ṣe láti kìlómítà 6 ní jíjìn 80. Nítorí náà, jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣírò àpòpọ̀ fún gbogbo ibi tí ọkọ̀ lè wà, kó fi wọ́n wé ohun tí etí gbọ́. Ibi tó bá jọ jù, ibẹ̀ ni ọkọ̀ wà. Matched-field processing ni wọ́n pè é. Láì pariwo rárá, ẹ mọ bí ọkọ̀ ṣe jìnnà tó àti bó ṣe jìn tó nínú omi.

Lórí ìwé, ó dùn. Lórí òkun, kọ̀ǹpútà kò mọ òkun; òkun tí ẹ fún un nìkan ló mọ̀. Bí ìgbóná tí ẹ wọ̀n láàárọ̀ bá ti yí padà, bí ilẹ̀ òkun bá jẹ́ ẹrẹ̀ níbi tí ẹ pè ní iyanrìn, bí okùn etí yín bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó ṣì máa dáhùn. Á na ìka sí ibi kan láì ṣiyèméjì, kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé ọgbọ́n tó mú jù ló tètè ń ṣubú jù. Jack Capon ti gbé ọ̀nà kan jáde ní 1969, nígbà tó ń fi etí púpọ̀ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní Montana gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀. Ọ̀nà náà ń lé gbogbo ariwo tí kò bá jọ ohun tí à ń wá dànù. Nínú òkun tí a kò mọ̀ tán, ọkọ̀ gidi fúnra rẹ̀ kò jọ ohun tí a ṣírò dáadáa, nítorí náà ọgbọ́n Capon á lé òun náà dànù mọ́ ariwo.

Láti bí 1988, nígbà tí Arthur Baggeroer, William Kuperman àti Henrik Schmidt kọ̀wé lórí bí a ṣe lè gbé iṣẹ́ yìí ka orí ìṣirò tó yè kooro, ọ̀nà mẹ́ta ló jáde tí mo rò pé ó yẹ ká yà sọ́tọ̀. Ẹgbẹ́ Schmidt, ní 1990, ní kí a máa fara da ìyàtọ̀ díẹ̀: bí ohun tí a gbọ́ bá sún mọ́ ohun tí a ṣírò, kí a gbà á, ká tilẹ̀ pàdánù díẹ̀ lára bó ṣe mú. Michael Collins àti Kuperman, ní 1991, ní kí a wá òkun àti ọkọ̀ pọ̀: bí àwòrán kò bá mọ́ gaara, kí a máa yí òkun inú kọ̀ǹpútà padà títí yóò fi mọ́.

Ọ̀nà kẹta ni mo fẹ́ràn jù. Ní Yunifásítì Duke, ní ọdún 1991 kan náà, Richardson àti Loren Nolte ní kí a má ṣe yan òkun kan rárá. Kí a kó gbogbo òkun tó ṣeéṣe jọ, kí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣeéṣe tó, kí a bi gbogbo wọn léèrè ibi tí ọkọ̀ wà, kí a sì pa èsì wọn pọ̀. Bí àgbà ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ nìyẹn: kì í lé ẹlẹ́rìí kankan síta nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá ti ẹnìkejì mu, ìwọ̀n tó bá tọ́ sí i ló máa fún un. Èsì tó ń jáde kò ní jẹ́ ojú kan ṣoṣo. Agbègbè ni: ó ṣeéṣe jù níbí, ó ṣeéṣe díẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí a kò bá mọ òkun náà dáadáa, agbègbè á fẹ̀. Bí a bá mọ̀ ọ́n, á kéré. Àìmọ̀ ti wọ inú ìṣirò, ó sì ní iye tirẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé òun nìkan, nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ló ń sọ fún yín bí ẹ ṣe lè fọkàn tán an tó.

Àwọn kan gbìyànjú láti sá fún ọ̀ràn náà pátápátá. Ní oṣù kẹrin ọdún 1996, Kuperman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ to ẹ̀rọ 20 tó lè gbọ́ tó sì lè fọhùn sínú òkun Mẹditaréníà nítòsí Ítálì. Wọ́n gba ohùn láti ibi tó jìnnà ní kìlómítà 6.3, wọ́n yí i padà kí ìparí rẹ̀ di ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì dá a padà sómi. Ohùn náà tọ gbogbo ọ̀nà rẹ̀ padà, ó sì parapọ̀ ní ibi tó ti wá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣírò òkun. Ìmọ̀ yìí ti ń bọ̀ láti 1965, nígbà ayé iṣẹ́ Parvulescu àti Clay. Ó wúlò fún fífi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lábẹ́ omi. Ṣùgbọ́n ibi tí ohùn ti wá nìkan ló lè padà sí, ọkọ̀ tó bá sì dákẹ́ kò ní fún un ní ohun tó máa dá padà.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 2017, ọkọ̀ abẹ́ omi San Juan ti ilẹ̀ Argentina sọnù pẹ̀lú ènìyàn 44. Àjọ àgbáyé tó ń ṣọ́ ìdánwò bọ́ǹbù átọ́míìkì ní etí nínú òkun: ọ̀kan ní Ascension nínú Àtìláńtíìkì wa yìí, òmíràn ní Crozet nínú òkun Íńdíà. Àwọn méjèèjì gbọ́ ohùn kan lọ́jọ́ náà, láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá, ọkọ̀ òfuurufú ju ohun abúgbàù sómi ní agbègbè ibẹ̀, níbi tí wọ́n ti mọ̀ dájú, kí wọ́n lè rí bí òkun tó wà láàárín ṣe ń gbé ohùn lọ sí Ascension àti Crozet lásìkò yẹn gan-an. Wọ́n ṣe ohun tí èmi ń fi irin pẹlẹbẹ ṣe, ní ìwọ̀n òkun. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, wọ́n rí San Juan ní jíjìn tó lé ní mítà 900.

Àwọn ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ wa nísinsìnyí ní ẹ̀rọ tó ń wọn ọgọ́rọ̀ọ̀rún ibi lẹ́ẹ̀kan náà, kọ̀ǹpútà wọn sì ń kọ àìdánilójú sí ẹ̀gbẹ́ jíjìn kọ̀ọ̀kan, mítà báyìí, kó máa jù bẹ́ẹ̀ tàbí kó máa dín ní sẹ̀ǹtímítà báyìí. Mo ti rí àwọn tó ń yọ apá kejì yẹn kúrò kí wọ́n tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà, nítorí wọ́n ní oníbàárà kò fẹ́ràn rẹ̀, pé ó ń jẹ́ kí iṣẹ́ dà bí èyí tí kò dájú. Mo máa ń ní kí wọ́n fi í padà. Oníbàárà tó bá rí jíjìn láìrí àìdánilójú rẹ̀ máa rò pé òun mọ ohun tí òun kò mọ̀, ọ̀gá ọkọ̀ tó máa gba ibẹ̀ kọjá ló sì máa san gbèsè náà.